Nùrẹ́nì Etí-Òkun àti Fèrèsé Tí Kì Í Ṣí

Tí ìyá yín bá gbé Ìbàdàn láyé ìgbà tí náírà ṣì lágbára, ẹ lọ tú àpótí fótò wọn wò. Ẹ ó rí i níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn tó wọ bàtà gogoro, ó lè jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n gbé ka orí ìrọ̀rí, ṣùgbọ́n òkun á wà lẹ́yìn ẹni náà, ó mọ́ gaara, ó ṣe búlúù. Ilé pupa rẹ́súrẹ́sú àti ilé yẹ́lò á tò léra wọn lórí òkè bí ìgbà tí wọ́n to ife sórí pẹpẹ. Ọkọ̀ ọpọ́n kékeré á so mọ́ èbúté. Ẹ má wulẹ̀ bi ẹni náà ní ìlú tó lọ. Dùgbẹ̀ ló lọ.

Nílé fótò Ọ̀gbẹ́ni Akínbíyìí ní Dùgbẹ̀ ni òkun náà wà. Aṣọ ni, aṣọ nípọn tí wọ́n fi ọ̀dà yà, tí wọ́n wá ta mọ́ ògiri. Oníbàárà á dúró síwájú rẹ̀, Akínbíyìí á ní, "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ẹ wo ọwọ́ mi, ẹ má mira," ó parí. Ẹni tó wọlé tòun ti eruku á jáde bí ẹni tó ti òkè òkun dé. Èmi náà ní tèmi, mo fi ọwọ́ di yẹ̀rì ìyá mi mú níbẹ̀, mo sì gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé a ti wọ ọkọ̀ òfuurufú rí!

Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ya òkun yẹn. Nùrẹ́nì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí wá sí Agbowó. Àmọ́ ta ló ń pè é ní Nùrẹ́nì lásán? Nùrẹ́nì Etí-Òkun ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí. Bẹ́ẹ̀, omi tó tóbi jù lọ tí ojú rẹ̀ tíì rí nígbà yẹn ni adágún Ẹlẹ́yẹlé.

Ara kàlẹ́ńdà ló ti rí ìlú náà. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta táìlì ló fún onígbàjámọ̀ kan ní Agbowó ní kàlẹ́ńdà, ojú ewé oṣù kẹjọ sì ni ìlú etí òkun yẹn wà. Nùrẹ́nì lọ gẹ irun, ó gbójú sókè, ó gbàgbé pé abẹ wà lórí òun. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ewé yẹn kúrò. Òjò dá, ọyẹ́ dé, ọdún tuntun wọlé, oṣù kẹjọ ni ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ṣì wà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ọ̀dà. Ojú ló fi kọ́ ọ, ọwọ́ ń tẹ̀ lé ojú. Ó ní tí òun bá ti dé ibi omi, òun máa ń gbọ́ ọ. Ṣọ̀ọ̀. Ṣọ̀ọ̀. Bí ẹni tó rọra ń gbálẹ̀ ní yàrá kejì.

Iwájú aṣọ yẹn ni Mùtíátù ti bá a. Olùkọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni Mùtíátù ní Bódìjà, ó wá ya fótò pélébé fún iṣẹ́, ó sì bá Nùrẹ́nì lórí àpótí, tó ń tún igun kan ṣe.

"Ìwọ lo ya èyí?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé tí gbogbo fèrèsé wọn tì? Ṣé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n ni?"

"Wọ́n lọ sódò ni."

"Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹnì kan ò ṣẹ́kù tó ń wo ọbẹ̀ lórí iná?"

Nùrẹ́nì yíjú padà sí igun tó ń tún ṣe. Àmọ́ nígbà tí Mùtíátù padà wá gba fótò rẹ̀, fèrèsé kan ti ṣí lókè pátápátá. Aṣọ fèrèsé yẹ́lò ń fẹ́ jáde níbẹ̀, ọwọ́ obìnrin kan sì di etí rẹ̀ mú. Mùtíátù wò ó títí. Ó wo ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún wo ti ara aṣọ. Ẹ̀gbà kan náà ni! Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni kò ní gbà?

Bàbá Mùtíátù ni kò gbà.

Bàbá Mọ́ṣúdù ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, wọ́n wá kọ́lé sí Ring Road. Gáàdì ni wọ́n nígbà ayé iṣẹ́ wọn, àwọn ló ń fọn fèrè tí wọ́n ń ju àsíá kí ọkọ̀ ojú irin tó ṣí. Láti Ìdó l'Ékòó títí dé Kánò, kò sí ìlú tí wọn ò mọ òórùn rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹni tó bá ní òun dé Jọ́ọ̀sì, ẹ má bi í ohun tó rí. Ẹ bi í bí òtútù ṣe mú un. Ojú lè yá ìran wò, ara kì í yá òtútù."

Ẹ má rò pé ìkà ni Bàbá o. Nǹkan ti ṣe wọ́n rí. Ọkùnrin kan ló fi fótò ránṣẹ́ láti Ìlọrin pé òun fẹ́ Bàdírátù, àkọ́bí wọn. Ọkùnrin náà dúró síwájú ilé alájà méjì nínú fótò, ọkọ̀ funfun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹbí pagbo yí fótò ká, wọ́n ṣàdúrà sí i, wọ́n sì ṣe ìyàwó. Ìgbà tí Bàdírátù dé ọ̀hún, yàrá kan ṣoṣo ló bá. Ilé alájà méjì, aṣọ ni. Ọkọ̀ funfun, aṣọ ni. Láti ìgbà náà, bí ìdílé wọn bá lọ ya fótò ọdún Iléyá ní Dùgbẹ̀, bí gbogbo Mùsùlùmí ìlú ti ń ṣe, ògiri funfun lásán tó wà ní yàrá inú ni Bàbá Mọ́ṣúdù ń jókòó sí. "Ẹ gbé aṣọ irọ́ yín kúrò lẹ́yìn mi."

Ọjọ́ tí Nùrẹ́nì lọ fi ara rẹ̀ hàn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀, wọn ò sì ní kó dìde.

"Ìwọ lo ń ya òkun?"

"Èmi ni, sà."

"O ti dé ìlú tí o yà yẹn rí?"

"Rárá, sà."

"O mọ orúkọ rẹ̀?"

"Kàlẹ́ńdà ò kọ ọ́, sà."

Ìyá Bàdírátù, aya wọn, bú sẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Dìde. Lọ sí ìlú tí o yà yẹn. Ọjọ́ tí o bá débẹ̀, tí o padà wá sọ bó ṣe rí fún mi, tí mo sì gbà ọ́ gbọ́, ọjọ́ náà ni kó o rán àwọn èèyàn rẹ wá tọrọ ọmọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, má rán ẹnikẹ́ni."

"Bàbá Bàdírátù," ni ìyàwó wọn wí, "ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ yín darúgbó sílé yìí ni? Ta ní ń lọ òkè òkun nítorí aṣọ?"

"Kó máa ya ewúrẹ́ nígbà náà. Ewúrẹ́ ò jìnnà."

Nùrẹ́nì fẹsẹ̀ rìn láti Ring Road dé Agbowó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òun ò rí ọkọ̀ tó ń kọjá. Òkun nìkan lòun ń rí, ó sì ń fà sẹ́yìn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe! Ní ọdún 1982, òyìnbó Ítálì kan tó wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà wọlé sílé fótò Akínbíyìí. Búrúnò lorúkọ rẹ̀, fótò pélébé ló wá yà. Akínbíyìí ní kó jókòó, kò jókòó. Ó ṣí fìlà, ó rìn lọ síbi aṣọ, ó fi ìka kan ilé yẹ́lò kan nísàlẹ̀ ilé ìjọsìn, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Màmá mi," ló wí.

Akínbíyìí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, da ọwọ́ bo àyà. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá. Olúwa á tù yín nínú. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?"

"Rárá, rárá! Màmá wà! Ibí ló ń gbé!" Búrúnò bá ń lu ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ta ló ya ilé màmá mi?"

Báyìí ni ìlú náà ṣe gba orúkọ. Rivalúnà ni wọ́n ń pè é, etí òkun ní apá Jénóà ní Ítálì. Búrúnò fẹ́ lọ lo ìsinmi nílé lóṣù kẹjọ (oṣù kẹjọ náà ni o!), ó sì ní arákùnrin bàbá rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Páólò, ọ̀dà ni òun náà ń kùn, ọjọ́ orí sì ti dé sí i. Bí Nùrẹ́nì bá lè bá bàbá náà gun àkàbà, ilé tí yóò sùn àti oúnjẹ tí yóò jẹ ti wà. Ayé ṣì dẹ̀ nígbà náà, ìwé ìrìnnà kì í pẹ́ jáde. Kí ojú tó mọ́ dáadáa sí ọ̀rọ̀ náà, Nùrẹ́nì ti wà lójú òfuurufú, ó fi imú lẹ dígí, ó ń wá ibi tí Ẹlẹ́yẹlé wà nísàlẹ̀.

Láti Róòmù, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n wọ̀, ojú irin náà sì ń gba inú ihò òkè kọjá. Òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ bú jáde: òkun! Òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀: ìlú kékeré kan, aṣọ tí wọ́n sá, agogo tó ń dún, òkun! Òkùnkùn. Nùrẹ́nì ní ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ń ṣí kàlẹ́ńdà lójú òun, ewé kan lẹ́yìn òmíràn, ẹni náà ò sì fẹ́ kí òun wo ọ̀kan tán.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé Rivalúnà. Búrúnò fẹ́ ṣáájú, Nùrẹ́nì ti ṣáájú rẹ̀. Ó mọ ọ̀nà! Ó mọ kọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé pupa, ó mọ ibi tí òkúta ti yẹ̀ lára àtẹ̀gùn, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló yà á. Ó ń rìn bí ẹni tó ń lọ sílé bàbá rẹ̀, títí ó fi dé igun kan, ó wá dúró gbọn-in. Ibẹ̀ ni kàlẹ́ńdà parí sí. Ó ní òun ò mọ ohun tó kàn.

Ohun tó kàn ni ìyá arúgbó kan tó ń ti òdìkejì igun bọ̀, aṣọ dúdú lọ́rùn, apẹ̀rẹ̀ èso àjàrà lórí. Kò fọwọ́ dì í mú. Abẹ́ apẹ̀rẹ̀ náà, òṣùká ni! Òṣùká tí wọ́n fi aṣọ wé roboto, bí ìgbà tí ìyá àgbà ń ti oko Ìsẹ́yìn bọ̀. Orí òkè gíga ni oko wọn wà ní gbogbo agbègbè náà, àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀, àwọn ìyá àgbà wọn sì ti ń ru ẹrù bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bí Búrúnò.

"Màmá mi nìyí," ni Búrúnò wí.

Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Nùrẹ́nì ti dọ̀bálẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àyà rẹ̀ lórí òkúta, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. Ìyá náà kígbe, ó rò pé ebi ló dá ọmọ ọlọ́mọ ṣubú. Kò gbọ́ àlàyé. Omi ló kọ́kọ́ gbé dé, lẹ́yìn náà búrẹ́dì, lẹ́yìn náà ẹja wẹ́wẹ́ díndín tí wọ́n ń jẹ torí-tìrù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Nùrẹ́nì tún dọ̀bálẹ̀, búrẹ́dì tún dé. Ó ní bí òun ṣe sanra lọ́hùn-ún nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìsinmi, Búrúnò á gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn létí òkun. Orúkọ ìlú wọn ń yọ̀ bọ́ lẹ́nu Nùrẹ́nì, ó bá fún wọn lórúkọ tirẹ̀. Èyí tí ọkọ̀ funfun àwọn olówó kún èbúté rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò pariwo níbẹ̀, Bódìjà nìyẹn. Èyí tí ojú irin àti ọkọ̀ omi ti pàdé, tí wọ́n ń pe èrò tí wọ́n ń fa ẹrù, Ìwó Road ni. Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sùn sórí iyanrìn tí wọ́n ń ta gìtá lọ́sàn-án gangan? Agbowó, kí lẹ tún ń bi mí!

Ìlú kan kù, ó kéré débi pé ológbò pọ̀ ju ènìyàn lọ níbẹ̀. Igi ọsàn kíkan yí i ká, èso rẹ̀ yẹ́lò roro. Apẹja kan sùn lórí àwọ̀n, ó la ẹnu sílẹ̀. Omi ibẹ̀ mọ́ débi pé òjìji ọkọ̀ wà nílẹ̀ odò nísàlẹ̀ pátápátá, ó dà bíi pé ọkọ̀ náà fò sókè tí kò sì fẹ́ balẹ̀ mọ́. Nùrẹ́nì jókòó síbẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi. Ṣọ̀ọ̀, ló ń wí. Ṣọ̀ọ̀. Ohùn tó ń gbọ́ ní Dùgbẹ̀ gan-an! Kò fún ìyẹn lórúkọ àdúgbò kankan. Orúkọ Mùtíátù ló fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí iṣẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá Bàbá Páólò gun àkàbà, wọ́n ní kó nu fèrèsé kan kí wọ́n tó kùn ún. Fèrèsé aláwọ̀ ewé ni, ó ní ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kan ṣí díẹ̀, òjìji sùn lábẹ́ rẹ̀. Nùrẹ́nì na ọwọ́ kó ṣí i dáadáa. Ògiri ni ọwọ́ rẹ̀ bá, pẹrẹsẹ. Ó fi ọwọ́ pa á síhìn-ín, ó fi pa á sọ́hùn-ún. Kò sí fèrèsé níbẹ̀. Yíyà ni wọ́n yà á!

Bàbá Páólò rẹ́rìn-ín títí àkàbà fi ń mì. Búrúnò ló túmọ̀ rẹ̀: láyé àwọn baba wọn, fèrèsé dídá wọ́n, wọn ò sì fẹ́ kí ilé dúró bí olójú kan láàárín ẹgbẹ́. Bí fèrèsé tòótọ́ bá wà lápá ọ̀tún, wọ́n á ya ìkejì rẹ̀ sápá òsì. Ìdajì fèrèsé ìlú náà kò ṣí rí. Ohun tí kàlẹ́ńdà gbé dé Agbowó, àwòrán àwòrán ni.

Bàbá Mọ́ṣúdù ni Nùrẹ́nì fojú inú rí lókè àkàbà yẹn, tí wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn. Òun fò kọjá aṣálẹ̀ wá wá òótọ́, ọ̀dà lòun tún bá!

Síbẹ̀, Bàbá Páólò fi ohun kan hàn án. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí oòrùn, ó fi tọ́ka sí òjìji tí wọ́n yà. Òjìji ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń yà, torí ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ará ìlú ń gbé àga jáde láti wo ojú ilé ara wọn. Láàárọ̀, òjìji fèrèsé tòótọ́ á sùn síbì kan, ti ayédèrú á sùn síbòmíràn. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń rọ̀, òjìji tòótọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, á máa yí, díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo wọn fi dọ́gba. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó ń ṣí àti èyí tí kì í ṣí. Ìlú náà á di odidi fún ìwọ̀nba àkókò kan, omi á pọ́n bí epo, agogo á dún, òkùnkùn á sì gbà á. Nùrẹ́nì ò pàdánù ìrọ̀lẹ́ kan.

Láàárọ̀ tó fẹ́ padà, Búrúnò ní kó dúró níwájú ilé màmá òun, ó ya fótò rẹ̀. Láàárọ̀! Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Inú pálọ̀ Ring Road ni Nùrẹ́nì ti yọ fótò náà. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí màmá Búrúnò fún un, Mùtíátù dúró lẹ́yìn àga ìyá rẹ̀. Bàbá Mọ́ṣúdù gbé awò ojú wọ̀.

"O débẹ̀?"

"Mo débẹ̀, sà. Ó lẹ́wà, Bàbá! Òkun ibẹ̀ búlúù, ilé ibẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, òmíràn yẹ́lò, wọ́n tò léra wọn lórí òkè..."

"Ìyẹn wà lára aṣọ rẹ. Kí ló tún wà?"

Ẹ̀yin ènìyàn, ẹwà ti kún ọmọkùnrin yìí lẹ́nu débi pé kò rí nǹkan mìíràn bù jáde. Ó ní òkun. Ó ní ọkọ̀. Ó ní bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Gbogbo rẹ̀ ń jáde bíi kàlẹ́ńdà. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yí fótò síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ iná.

"Àwọn fèrèsé yìí, ènìyàn ń yọjú níbẹ̀?"

"Wọ́n... wọ́n ń yọjú, sà."

"Ní gbogbo wọn?"

"Ní gbogbo wọn, sà."

Bàbá fi ìka lé fótò. "Òjìji fèrèsé yìí sùn sápá òsì. Ti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sùn sápá ọ̀tún. Nùrẹ́nì, oòrùn mélòó ló wà lókè òkun?"

Bàbá bọ́ awò ojú, wọ́n kọjú sí Ìyá Bàdírátù.

"Ọ̀dà ni. Ó ti ya aṣọ tuntun, ó dúró síwájú rẹ̀, ó sì gbé e wá bá mi. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún Bàdírátù náà nìyẹn." Wọ́n ju fótò sórí tábìlì. "Máa lọ."

Mùtíátù bá a dé ẹ̀gbẹ́ títì, ibẹ̀ ni Nùrẹ́nì ti sọ òdodo ọ̀rọ̀ fún un: àkàbà, ògiri, òjìji ìrọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀. Mùtíátù ṣí ẹnu sílẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ fún wọn?"

"Kí n sọ kí ni? Pé ìlú tòótọ́ tí mo lọ, yíyà ni wọ́n yà á? Ta ló máa gbà?"

"O wá ní ènìyàn ń yọjú ní gbogbo fèrèsé. O purọ́ fún gáàdì rélùwéè! Àwọn tó ń mọ ẹni tí ò gba tíkẹ́ẹ̀tì nípa bó ṣe ń mí!" Ó rẹ́rìn-ín, omi wà lójú rẹ̀. "Kò sí nǹkan mìíràn tó o rí níbẹ̀ tí kò sí lára kàlẹ́ńdà?"

Nùrẹ́nì wá sọ fún un nípa òṣùká.

"Lọ ya ìyẹn," ni Mùtíátù wí.

Ó sì lọ yà á. Aṣọ tuntun! Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun tí kàlẹ́ńdà parí sí, ó yà á lọ sí òdìkejì. Ó ya àtẹ̀gùn tó ń dun ni lórúnkún. Ó ya aṣọ tí wọ́n sá, títí dé ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀. Ó ya apẹja tó la ẹnu sùn. Ó ya màmá Búrúnò pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ àti òṣùká, ó sì ya Bàbá Páólò lórí àkàbà, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, fèrèsé tó ń yà ò tíì parí.

Orí Akínbíyìí fẹ́ dàrú. "Nùrẹ́nì, ṣé o fẹ́ lé oníbàárà mi ni? Ọmọge wo ló máa wọ góòlù tán tó máa wá dúró ti ìyá elérù? Lánàá, Ìyáàfin kan ní kí n bá òun yọ bàbá tó ń sùn yẹn, ó ní ó jọ ọkọ òun!" Ó gbé aṣọ tuntun náà lọ yàrá inú, ó ta á bo ògiri funfun.

Báyìí ni ọdún Iléyá ṣe bá a. Dùgbẹ̀ kún àkúnya. Àwọn ọmọdé nínú aṣọ tuntun ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, òórùn ẹran sísun wà lára gbogbo ènìyàn, èrò tò láti inú ilé fótò dé títì. Bàbá Mọ́ṣúdù wọlé nínú agbádá sányán, Ìyá Bàdírátù àti Mùtíátù tẹ̀ lé wọn. Nùrẹ́nì tó ń gbé iná fún Akínbíyìí dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ọdún, sà. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀."

"Àmín. Ògiri mi dà?"

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Akínbíyìí wí, "aṣọ ló bò ó. Nùrẹ́nì, gun àpótí, ká a fún wọn kíá."

Nùrẹ́nì gun àpótí, ó tú okùn kan. Igun aṣọ náà wó wálẹ̀ lápá òkun. Ó nawọ́ sí okùn kejì.

"Dúró ná," ni Bàbá Mọ́ṣúdù wí. Wọ́n sún mọ́ ọn. "Ta nìyí?"

"Màmá ọ̀gá Búrúnò ni, sà."

"Kí ló wà lórí wọn?"

"Apẹ̀rẹ̀ èso àjàrà, sà. Oko ni wọ́n ti ń bọ̀."

"Abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ni mo ń bi ọ́."

"Òṣùká ni, sà."

Ìyá Bàdírátù ti fi ìgbápá la èrò kọjá. "Òṣùká kẹ̀? Òyìnbó? Ẹ sún, ẹ jẹ́ n rí i. Yéè! Ó mà wé e dára ju tìẹ lọ, Mùtíátù!"

"Ta ló kọ́ wọn?" ni Bàbá bi í.

"Mi ò mọ̀, sà. Bí mo ṣe bá a lórí wọn nìyẹn."

Bàbá kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Kí ló ń run nílùú náà?"

"Ẹja, sà. Láàárọ̀, búrẹ́dì. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀dà. Orúnkún sì ń dùn mí lójoojúmọ́, torí ibi tó tẹ́jú ò sí níbẹ̀."

"Ẹ̀hẹ̀n." Wọ́n gbójú sókè sí àkàbà. "Bàbá yìí ńkọ́? Fèrèsé ló ń kùn?"

Nùrẹ́nì wo ojú Mùtíátù, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí.

"Kì í kùn ún, sà. Ó ń yà á ni. Fèrèsé ò sí níbẹ̀, ògiri ni. Ìdajì fèrèsé ìlú náà ló rí bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni mo pa pé ènìyàn ń yọjú ní gbogbo wọn. Èyí tí ẹ fìka lé nínú fótò yẹn, èmi àti bàbá yìí la jọ yà á sára ilé, a ya òjìji ìrọ̀lẹ́ sí i, wọ́n wá yà mí ní fótò láàárọ̀. Ẹ̀yin lẹ rí i, sà. Ọ̀dà ni. Kì í kàn ṣe aṣọ ni."

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a fi ẹran sórí iná nílé o!"

Bàbá Mọ́ṣúdù ò gbọ́. Ejìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni! Ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà ìyàwó Bàdírátù. "Ìyẹn ni pé mo rí i! Láti Ring Road níbí, mo rí ọ̀dà lára ilé òyìnbó! Ìyá Bàdírátù, ṣé o gbọ́? Mo ní ọ̀dà ni!"

"Ẹ ní aṣọ ni."

"Ọ̀dà ni mo ní!"

"Aṣọ lẹ ní, Bàbá Bàdírátù. Gbogbo wa la gbọ́."

"So okùn yẹn padà," ni wọ́n wí fún Nùrẹ́nì. Wọ́n gbé àga wọn fúnra wọn, wọ́n jókòó síwájú àtẹ̀gùn, wọ́n gbọn agbádá, wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n tún sún àga sọ́tùn-ún. "Kí agbádá mi má bo màmá yẹn. Ìwọ, kí lo dúró ń wò? Ṣé o ò ní ènìyàn ni?"

"Mo ní wọn, sà!"

"Rán wọn wá, kí ẹran Iléyá tó tán."

Fótò yẹn wà lára ògiri pálọ̀ wọn ní Ring Road títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Nùrẹ́nì àti Mùtíátù ti bí ìbejì láti ìgbà náà, wọ́n ń gbé lọ́nà Akobo, aṣọ méjèèjì sì wà ní Dùgbẹ̀, ẹ lọ mú èyí tó wù yín. Èmi ti lọ wo ti Ring Road yẹn. Ìyá Bàdírátù ń wo kámẹ́rà, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mùtíátù ń wo ibi òkun, ó dà bíi pé ó ń gbọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n Bàbá Mọ́ṣúdù ò wo ọwọ́ Akínbíyìí rárá. Bí iná ṣe kọ mànà, wọ́n ti yí ọrùn díẹ̀ sí ìyá arúgbó tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn wọn, wọ́n gbé ọwọ́ kan sókè láti inú agbádá, bí ẹni tó fẹ́ bá a sọ ẹrù kalẹ̀.